Ta Ló Ń Ru Iná Ìrìnàjò Wa?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rin ọ̀nà jíjìn, tí ilé epo kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ní láti wá bí yóò ṣe gbé epo bẹntiróòlù ju èyí tí táǹkì kan ṣoṣo lè gbà. Ní ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà, títì kan wà tí wọ́n ń pè ní Dalton. Láti Coldfoot dé Deadhorse lórí títì náà, nǹkan bíi máìlì 240 ni èèyàn yóò rìn láìrí ilé epo kankan. Awakọ̀ tó bá gba ibẹ̀ láìmúra sílẹ̀ kò lè sọ pé ìgbàgbọ́ lòun fi ń rìn. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrẹ fún òtútù ni. Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá epo àfikún dára tàbí kò dára. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, nígbà tí a bá ru epo lé epo nítorí ìrìn tiwa, orí ta ni ewu rẹ̀ ń bà lé? Èrò mi ni pé ìwà rere ni ìmúrasílẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀ bá ń ru ewu rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tó bá sa gbogbo ipá rẹ̀ láti mú ewu náà kúrò lórí ẹni tí wọn kò bá dámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jẹ èrè, tí ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan ń ru ewu, ìmúrasílẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kí ìrìnàjò náà ṣe pàtàkì tó.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ka ìmúrasílẹ̀ fúnra rẹ̀ sí àìnígbàgbọ́ lóhùn. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló ń pèsè. Wọ́n á rán wa létí mánà inú aginjù, bí èyí tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tọ́jú di ọjọ́ kejì ṣe yọ ìdin, tó sì rùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn náà wà nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 16. Ṣùgbọ́n orí kan náà ló sọ pé ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kó ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ìsinmi, èyí tí wọ́n tọ́jú lọ́jọ́ náà kò sì bàjẹ́. Mánà kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni. Ìdí tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ló yàtọ̀. Nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí 25, àwọn wúńdíá márùn-ún tí Jésù pè ní ọlọ́gbọ́n ni àwọn tó gbé òróró àfikún dání nínú kólòbó. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, hadíìsì kan tí Tirmidhi gbà sílẹ̀ kọ́ni pé kí èèyàn so ràkúnmí rẹ̀ ná, kó tó fi ọkàn tán Ọlọ́run. Àwọn baba wa náà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìmúrasílẹ̀ kò bá ìgbàgbọ́ jà rárá. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun kan tó wọ́pọ̀ nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí. Òróró àwọn wúńdíá yẹn kò jó ilé ẹnikẹ́ni. Ràkúnmí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọkà tí Jósẹ́fù kó pamọ́ ní Íjíbítì fún ọdún méje tilẹ̀ padà bọ́ àwọn tí kò tọ́jú èso kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ kò di ikú fún aládùúgbò.

Bẹntiróòlù kò ní irú ìwà tútù bẹ́ẹ̀. Òróró ólífì tó bá dà sílẹ̀ kò ní gbiná kíákíá, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ń tú ooru rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ nígbà gbogbo. Kódà bí òtútù bá lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n 43 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tó ń tú jáde lára rẹ̀ ṣì lè gbiná bí ìtàpàrà kan bá kàn án. Dísẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ ní láti gbóná ju ìwọ̀n 50 lọ kí ooru rẹ̀ tó lè gbiná bẹ́ẹ̀. Ooru bẹntiróòlù tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: kì í gòkè lọ, ilẹ̀ ló ń rà mọ́, á máa rọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi bá iná pàdé níbi tí ẹni tó ni epo kò fojú sí. Gálọ́ọ̀nù 20 ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi lítà 75, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní kílò 50. Agbára tó fi ń gbé ọkọ̀ tó wúwo sáré fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì, agbára yẹn gan-an ló fi ń jó. A kò lè mú ọ̀kan nínú rẹ̀ ká fi èkejì sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi lítà 75 kún inú ọkọ̀ rẹ̀ kò fi ọ̀nà nìkan kún un, ó fi iná kún un pẹ̀lú, kò sì sí bí yóò ṣe ronú lórí ọ̀nà tí yóò rìn láìronú lórí iná tí yóò gbé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Amẹ́ríkà, nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ General Motors. Láti ọdún 1973 sí 1987, wọ́n ṣe àwọn píkọ́ọ̀pù Chevrolet àti GMC tí wọ́n ń pè ní C/K, èyí tí wọ́n tà sì lé ní mílíọ̀nù 9. Ṣáájú ìgbà náà, inú ibi tí awakọ̀ ń jókòó, lẹ́yìn àga, ni táǹkì epo máa ń wà. Wọ́n ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n gbé e lọ, ní ìta irin ṣáàsí, níbi tó jẹ́ pé páànù ara ọkọ̀ nìkan ló bò ó. Àyè wà níbẹ̀ fún táǹkì kan lápá ọ̀tún àti èkejì lápá òsì, ọkọ̀ tó bá sì ní méjèèjì lè gba tó gálọ́ọ̀nù 40. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 12, yóò rin máìlì 480 kó tó yà sílé epo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973 yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tò gbọọrọ nílé epo. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí inú àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kan yóò fi dùn sí táǹkì méjì nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò hàn sí i ni pé, bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí irin ṣáàsí láàárín ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti epo náà.

Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́, ó sì lọ sókè sódò. Ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia dájọ́ pé kí ilé-iṣẹ́ náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 105 dọ́là fún àwọn òbí ọmọkùnrin ọdún 17 kan tí iná pa nínú irú ọkọ̀ yìí. Lọ́dún kejì, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní tirẹ̀ ti gbé ètò kan jáde lọ́dún 1992 tó ṣàfihàn bí ọkọ̀ náà ṣe ń gbiná, ó sì hàn lẹ́yìn náà pé àwọn tó ṣe ètò náà ti fi ohun amúnágbà pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́dún 1993. Ó yẹ kí á sọ èyí láìfi bò, nítorí ẹni tó ń gbèjà òkú kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ alààyè. Àmọ́ irọ́ ẹlẹ́rìí kan kò jí òkú kankan dìde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, Federico Peña, mínísítà ètò ìrìnnà Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde pé àbùkù wà lára ọkọ̀ náà, pé nǹkan bí èèyàn 150 ló sì ti bá iná ìgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà ṣàdéhùn: General Motors yóò ná owó tó lé ní mílíọ̀nù 51 dọ́là lórí ètò ààbò ojú pópó, wọn kò sì ní pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Bí àwọn táǹkì náà ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ṣe wà títí ọkọ̀ fi gbó.

Kí ni ẹ̀sìn ní láti sọ sí irú èyí? Òfin Mósè sọ ohun méjì tó bá a mu ju gbogbo ìwàásù nípa ìfẹ́ aládùúgbò lọ. Àkọ́kọ́ wà nínú Diutarónómì, orí 22: ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí etí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ré bọ́ láti orí rẹ̀, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má sì wá sórí ilé náà. Onílé ló ni òrùlé. Owó rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, kò ti ẹnikẹ́ni lulẹ̀, kò sì pe ẹni tó ṣubú pé kó wá rìn létí rẹ̀. Síbẹ̀ òfin kò dúró de ìgbà tí ẹnì kan yóò ṣubú kó tó ka nǹkan sí onílé lọ́rùn. Ọjọ́ tó kọ́lé ló ti di ojúṣe rẹ̀. Èkejì wà nínú Ẹ́kísódù, orí 21: bí màlúù kan bá kan èèyàn pa, wọn yóò pa màlúù náà, ọrùn olówó rẹ̀ yóò sì mọ́, ṣùgbọ́n bí màlúù náà bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó, olówó rẹ̀ pẹ̀lú jẹ̀bi ikú. Màlúù kan náà, òkú kan náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ló sọ jàǹbá di ẹ̀ṣẹ̀. Ìsìláàmù wá síbi kan náà pẹ̀lú hadíìsì tí Ibn Majah gbà sílẹ̀, tó di ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀ òfin Ṣẹ̀ríà, pé a kò gbọdọ̀ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, a kò sì gbọdọ̀ fi jàǹbá san jàǹbá. Bí a bá kó gbogbo èyí pọ̀, a ó rí ìlànà kan tó ṣe kedere: ohun ìní mi lè jẹ́ tèmi pátápátá, síbẹ̀ ewu tó ń tara rẹ̀ jáde kì í ṣe tèmi láti pín fún ẹni tó bá wù mí.

Ẹnì kan lè ní mo ń sọ̀rọ̀ bíi pé èèyàn ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kó rin jìnnà, tàbí kó dá ẹ̀mí ẹlòmíràn sí. Ìtàn C/K fúnra rẹ̀ dáhùn èyí. Nígbà tí General Motors tún píkọ́ọ̀pù yìí ṣe fún ọdún 1988, wọ́n gbé táǹkì epo sínú, láàárín irin ṣáàsí méjèèjì, àwọn kan nínú ọkọ̀ tuntun náà sì gba tó gálọ́ọ̀nù 34. Àgbẹ̀ ṣì dé oko rẹ̀. Oníṣòwò ṣì rin ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó dín kù nínú epo wọn kò ju gálọ́ọ̀nù mẹ́fà lọ. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé ìrìn jíjìn kọ́ ló ń jà pẹ̀lú ẹ̀mí èèyàn láti ọdún 1973. Bí ó ṣe rọrùn láti ṣe é ló ń bá a jà. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyí ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé ewu kan jẹ́ dandan. Bí a bá yẹ dandan náà wò dáadáa, a ó rí i pé owó díẹ̀, àkókò díẹ̀, tàbí wàhálà díẹ̀ ni ẹnì kan kò fẹ́ ná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewu kan jẹ́ dandan kò yẹ kó bi ẹni tó ń jèrè lára rẹ̀ nìkan. Ó yẹ kó bi í pé kí ni ì bá ṣe bó bá jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ni yóò máa jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Àtakò tó tún lágbára ni ti òfin. Ilé-iṣẹ́ náà tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ọkọ̀ náà kúnjú òṣùwọ̀n tí ìjọba gbé kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n, wọ́n sì ní bí a bá wo gbogbo oríṣiríṣi ìjàǹbá pọ̀, ọkọ̀ wọn kò burú ju ti ẹlòmíràn lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbá dànù. Bí òfin kò bá ní ìtumọ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó tọ́ láti ṣe, ẹni tó bá sì pa òfin mọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti retí pé wọn kò ní pe òun ní ọ̀daràn lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin náà jẹ́. Ìdánwò ìgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ nígbà náà kò ju eré máìlì 20 ní wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé kì í ṣe eré tí ọkọ̀ ń sá lójú títì nìyẹn. Òfin ń sọ ibi tí ìjọba yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí fìyà jẹni. Kò sọ ibi tí ojúṣe èèyàn sí èèyàn parí sí. Aṣòfin kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọkọ̀, kò mọ ohun tí ẹnjinía mọ̀. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ju ti òfin lọ, ojúṣe rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ju ti òfin lọ. Olówó màlúù yẹn kò lè sọ pé ìlú kò ṣòfin lórí ìwọ̀n okùn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un, ìyẹn sì ti tó.

Àwọn kan yóò wá sọ pé ìṣirò ni gbogbo ayé. Gbogbo ọkọ̀ ló ń gbé epo, gbogbo epo ló lè jó, bí a bá sì ní kí ewu tán pátápátá, ẹsẹ̀ ni gbogbo wa yóò máa fi rìn. Ní ọdún 1973 tí à ń sọ yìí, ẹnjinía kan ní General Motors, Edward Ivey, ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ó fi 200,000 dọ́là díwọ̀n ẹ̀mí kan, ó fojú bù ú pé èèyàn 500 lè máa kú lọ́dún nínú iná epo ọkọ̀, ó pín in sára mílíọ̀nù 41 ọkọ̀, ó sì rí i pé ó jẹ́ dọ́là méjì àti ogójì sẹ́ǹtì lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé kan náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí bí a ṣe lè díye lé ẹ̀mí èèyàn ní tòótọ́. N kò rò pé ẹni ibi ni ẹni tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ìṣirò fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ẹni tó ń la ọ̀nà, ẹni tó ń ṣe oògùn àti ẹni tó ń kọ́ afárá kò lè ṣe é kí wọ́n má ṣírò. Ibi tí ìṣirò náà ti ń ṣìnà ni pé ó ń ro gbogbo èèyàn pọ̀ bí ẹni pé àpò kan ni gbogbo wọn ń ná. Ewu táǹkì tí gbogbo ọkọ̀ ní jẹ́ ewu tí gbogbo wa ń fún ara wa tí a sì ń gbà lọ́wọ́ ara wa: mo ń fi tèmi wewu fún ọ, o ń fi tìrẹ wewu fún mi, àwa méjèèjì sì ń dé ibi tí à ń lọ. Ìdọ́gba wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu àfikún tí ẹnì kan dá sílẹ̀ fún èrè tirẹ̀, tó sì pa mọ́ fún ẹni tí yóò ru ú, kò sí nínú pàṣípààrọ̀ yẹn. Dọ́là méjì àti ogójì sẹ́ǹtì wà lápò ẹnì kan. Iná wà lára ẹlòmíràn.

A tún lè rí ẹni tí yóò sọ pé àwọn tó ra ọkọ̀ náà ló fi ọwọ́ ara wọn yan táǹkì méjì, àti pé èèyàn kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ro ti ara rẹ̀. Yorùbá kúkú ní bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òwe náà jinlẹ̀, ó sì tọ́ níbi tí a bá ti lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná ká mọ́ lójijì ni òwe náà ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó dáná. Ẹni tó ń gbé epo ní àkókò láti ronú kí iná tó wà rárá. Ní ti yíyàn, ohun tí oníbàárà yàn ni iye gálọ́ọ̀nù àti iye máìlì. Kò sí ẹni tó bá a jókòó sọ nípa ṣáàsí àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. A kò lè sọ pé èèyàn fara mọ́ ohun tí wọn kò fi hàn án. Ká tilẹ̀ ní ó mọ̀, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó wà lórí àga ńkọ́? Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì tó gbá a ńkọ́? Ẹni tó ra ọkọ̀ náà ní àlòkù ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ńkọ́? Yíyàn ẹnì kan kì í bo gbogbo àwọn tí iná lè dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ìwà epo ni pé kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ló rà mí.

Àtakò tó kẹ́yìn ni ti àyànmọ́, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ láàárín àwa Yorùbá, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá pé kò ní kú. Bí ó bá pé, bó wà lórí ibùsùn rẹ̀, yóò lọ. N kò ní jiyàn lórí bóyá Ọlọ́run mọ ọjọ́ ikú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìmọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ìwé àṣẹ fún mi láti fi ẹlòmíràn sínú ewu. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, apànìyàn náà lè fi ọjọ́ tó pé gbèjà ara rẹ̀, kò sì sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tó gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí tí èèyàn yàn kò dá iṣẹ́ ṣe, pé ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá èèyàn, ló ń mú ohun tí orí yàn wá sí ìmúṣẹ. Ògún tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bọ, òun ni òrìṣà irin àti ojú ọ̀nà, òun náà ni wọ́n ń fi irin rẹ̀ búra nílé ẹjọ́, nítorí a gbà pé kò fẹ́ irọ́. Báwo ni ẹni tó fi ewu pa mọ́ fún èrò ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣe retí ààbò lọ́dọ̀ òrìṣà tí ń béèrè òtítọ́? Àwọn baba wa sọ pé igi gànnganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó gba àyànmọ́ gbọ́ tó sì tún gba òwe yìí gbọ́ kò tako ara rẹ̀: ojú tí à ń fi wo òkèèrè wà lára ohun tí Elédùmarè fún wa.

Ìlànà yìí kan àwa náà, nítorí a kò ṣàì mọ epo àfikún nílẹ̀ wa. Nígbàkigbà tí epo bá wọ́n ní Nàìjíríà, kẹ́ẹ̀gì ni táǹkì kejì fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ní ibodè Sẹ̀mẹ̀, ìdí bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní orílẹ̀-èdè Benin ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò ní dá àwọn tálákà lẹ́bi pé wọ́n wá ọ̀nà àtijẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ nínú ilé kan tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, ó kéré tán èèyàn 34 ló sì kú, tí ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn ọmọdé yẹn kọ́ ló ni òwò náà. Bákan náà ni awakọ̀ tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sábẹ́ àga tàbí sẹ́yìn ọkọ̀ tó kún fún èrò, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: èrè ìrìn náà jẹ́ tirẹ̀, iná rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro. Kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí ike tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù lè gba iná mànàmáná sára nígbà tí epo bá ń wọ inú rẹ̀, ìtàpàrà kékeré kan sì tó láti dáná sí i; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ní àwọn ilé epo Amẹ́ríkà pé kí èèyàn gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kó tó rọ epo sí i. Ẹni tó bá fẹ́ táǹkì kejì, kó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kó gbé e sí ibi tí irin ọkọ̀ yóò ti gbèjà rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé epo nínú kẹ́ẹ̀gì, kó má gbé èrò mọ́ ọn.

Bí mo bá ní kí ewu kúrò lórí ẹni tí kò mọ̀, mo mọ̀ pé ohun tí mo ń béèrè ní iye tí yóò náni. Táǹkì tó wà láàárín ṣáàsí lè gba epo díẹ̀ dín. Awakọ̀ tó kọ̀ láti kó èrò nítorí epo tó gbé yóò pàdánù owó ọkọ̀ ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá pe ọkọ̀ rẹ̀ padà yóò ná òbítíbitì owó, orúkọ rẹ̀ yóò sì fara gbá a. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí wọn kì í san iye yìí. Bí ẹni tó ń jèrè kò bá fi owó san án, ẹni tí kò jèrè yóò fi awọ ara rẹ̀ san án. Èyí ló yẹ kó wà lọ́kàn onígbàgbọ́ tó ń gbàdúrà ìrìnàjò, mùsùlùmí tó ń ka duá kó tó wọkọ̀, àti oníṣẹ̀ṣe tó ń ta epo pupa sílẹ̀ fún Ògún. Àdúrà ààbò tí kò ní ẹlòmíràn nínú kò tíì pé. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ọlọ́run ṣọ́ òun lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun fúnra òun kọ́ ni ewu tí ẹlòmíràn ń gbàdúrà pé kí òun má pàdé, bí ìdáhùn náà kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó sọ epo náà kalẹ̀ kó tó sọ àdúrà.